Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìwé Àṣẹ Olùkójọ Ìbọn Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Ìwé àṣẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ jẹ́ $30 fún ọdún 3, tó ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn ìbọn àtijọ́ ra èyí tó wù ú láti ìpínlẹ̀ mìíràn, kí wọ́n sì gbé e wá bá a nílé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba ọwọ́ oníṣòwò ìbọn kọjá. Type 03 ni ìjọba àpapọ̀ ń pè é; C&R ni àwọn tó ń lò ó ń pè é, láti inú curio àti relic, ìyẹn ohun àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n tàbí tó ní ìtàn. Àjọ ATF, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọtí, tábà, ìbọn àti ohun abúgbàù, ló ń fún èèyàn.

Gbígbà rẹ̀ kò le. Ibi méjì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọn kì í mọ ìbọn tí ìwé náà bò àti èyí tí kò bò, bí ìwé bá sì ti dọ́wọ́ tán, wọn kì í kọ àkọsílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ la ó ti dúró pẹ́. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò gba àkókò.

Ohun tí ìwé náà wà fún

Ìwé olùkójọ ni, kì í ṣe ìwé òǹtajà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa ra ìbọn kí ẹ tún un tà jèrè, Type 01 ni ẹ ń wá, $200 sì ni owó rẹ̀ fún ọdún 3 àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi Type 03 ṣòwò ń ta ìbọn láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 5. Láti 2022 tí wọ́n ti tún òfin náà ṣe, ìbéèrè kì í ṣe bóyá ìbọn títà ni èèyàn fi ń jẹun mọ́. Bí èrè bá ti jẹ́ olórí ìdí tí ó fi ń tà á léraléra, ó ti di oníṣòwò. Kí olùkójọ ta ọ̀kan tàbí méjì kúrò nínú tirẹ̀ kí ó lè fi ra èyí tó dára jù, ìyẹn kò burú.

Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, tó rí ìbọn tó wù ú ní ìpínlẹ̀ mìíràn, gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò kan ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, kí ó san owó iṣẹ́ fún oníṣòwò náà, kí ó kọ Fọ́ọ̀mù 4473, kí wọ́n sì yẹ ìtàn rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e fún un. Ẹni tó ní C&R bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, nítorí pé wọ́n ti yẹ ìtàn rẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń fún un níwèé. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bá jẹ́ curio tàbí relic nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìbọn ìwòyí, ẹ ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó sì kọ 4473 bíi gbogbo ayé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìbọn tí ìwé náà bò

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, torí pé bí ẹ bá fi ìwé C&R ra ìbọn tí kì í ṣe C&R láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ ti rú òfin àpapọ̀, kódà bó jẹ́ pé ẹni tó tà á ló ṣì yín lọ́nà.

Òfin Gun Control Act ti 1968 ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí kí ó tó di ọdún náà ni òfin yìí ń pè ní antique. Lójú òfin náà, kì í tilẹ̀ ṣe ìbọn, kò sì nílò ìwé C&R. Springfield Trapdoor tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò láti 1873 wà nínú wọn. Mauser tí orúkọ Ludwig Loewe ti Berlin bá wà lára rẹ̀ wà nínú wọn pẹ̀lú, torí pé ilé iṣẹ́ yẹn ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀ kí 1898 tó parí. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu náà bọ́ síbẹ̀, ìbáà ṣe àná ni alágbẹ̀dẹ rọ ọ́, nítorí pé òfin yọ ìbọn àkìlẹ́nu sílẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀tù dúdú ló ń lò tí kò sì lè lo kátíríìjì. Ẹ ṣáà rántí pé òfin àpapọ̀ la ń sọ. Òfin ìpínlẹ̀ yín lè má rí i bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn antique ló kan C&R gan-an. Ọ̀nà 3 ni ìbọn lè gbà wọ ibẹ̀. Ọ̀kan ni kí ó ti pé ọdún 50 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí ó má sì jẹ́ àdàkọ ìbọn àtijọ́. Èkejì ni kí alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ìlú, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀ jẹ́rìí sí i pé ó yẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀kẹta ni kí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú iye tó ń tà jẹ́ nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, tàbí pé ó tan mọ́ ẹni ńlá kan, àkókò kan tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìtàn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbà. Ọdún náà kì í dúró lójú kan: ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1975 wọlé ní 2025. Àwọn kan rò pé ìbọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àkójọ tí ATF tẹ̀ jáde kí ó tó jẹ́ C&R. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 50, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ní àríyànjiyàn, ni àkójọ yẹn wúlò fún jù. Èyí tó bá ti pé ọdún 50, ọjọ́ orí rẹ̀ ti jẹ́rìí fún un.

Mosin-Nagant 91/30 ti Rọ́ṣíà, Kar98k ti Jámánì, K31 ti Switzerland, m/96 ti Sweden, M1 Garand ti Amẹ́ríkà, ìbọn ìléwọ́ Nagant M1895: àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ olùkójọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Lee-Enfield náà wà ńbẹ̀, ìbọn tí àwọn ọmọ ogun wa gbé lọ sí ogun Bọ́mà. No. 4 rẹ̀ ni àwọn àgbà ní Nàìjíríà mọ̀ sí Mark 4 lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ní ìbọn kan ṣoṣo tó kan ìtàn tiwa nínú gbogbo àlòkù ológun, a ó ní kí ó wá Lee-Enfield.

Bí a ṣe ń mọ ọdún ìbọn ni ọ̀pọ̀ kì í fara balẹ̀ kọ́. Receiver ni òfin ń kà sí ìbọn, ìyẹn irin àárín tí ọ̀pá ìbọn ń wọ̀ sí tí nọ́ńbà sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ọ̀pá àti igi ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìbọn lójú òfin. Ọdún tí wọ́n ṣe receiver ló ṣe pàtàkì. Mosin ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Ọdún tí ẹ máa rí lójú lókè, ní ìdí ọ̀pá, ti ọ̀pá ni. Ti receiver wà nísàlẹ̀ ìrù rẹ̀, ẹ kò sì ní rí i àfi bí ẹ bá tú u kúrò nínú igi. Nítorí èyí ni M39 kan, irú Mosin kan tí àwọn ará Finland tò jọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fi lè jẹ́ antique pátápátá: receiver Rọ́ṣíà tí wọ́n ṣe kí 1899 tó dé ni wọ́n tò ó lé. Ẹni tí kò tú u wò kò ní mọ̀.

Ohun tó ń ba ìbọn jẹ́ kúrò nínú C&R náà wà. ATF ní kí ó wà bí ó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ Mauser àti Enfield ni àwọn ọdẹ gé igi wọn kúrú, tí wọ́n lu ihò sí lórí láti fi de awò, tí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀pá wọn. Irú èyí ti pé ọdún 50 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é ló wà mọ́. Ẹ má fi ìwé yín rà á. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò gbà á fún yín. Bí ẹ bá sì ti ní èyí tó pé, ẹ má gé e, ẹ má pààrọ̀ igi rẹ̀ sí ti ike. Àdàkọ náà ń tan èèyàn: àwọn ará Ítálì ń ṣe àdàkọ Colt 1873 tó ń lo kátíríìjì .45. Ìrísí rẹ̀ jọ ti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ìbọn ìwòyí ni lójú òfin.

Ìwé C&R kò sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ National Firearms Act ti 1934. Ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn rifle tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 16 àti shotgun tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 18 ní ìlànà tiwọn, bó ti wù kí wọ́n gbó tó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ara yín wò

Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ ń gbé gan-an, tí ẹ ó máa kó ìbọn náà sí. Ilé tí ẹ yá gbé náà tó, bí onílé kò bá ti ní òfin tó lòdì sí i. Ìwé pé àdúgbò gba ṣọ́ọ̀bù ìbọn láàyè, èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò, kò kan olùkójọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣe pàtàkì fún àwa tí a wá láti òkèèrè. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè gbà á, ẹni tó ní green card náà sì lè gbà á. Ẹni tó wà lórí físà ọmọ ilé ìwé, ti iṣẹ́ tàbí ti ìbẹ̀wò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn rárá, àfi ìwọ̀nba àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ti ìpínlẹ̀ kan. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tó wà lórí físà dúró títí green card yóò fi dé. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá, nítorí pé ìbọn lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni, ó sì tún lè mú kí wọ́n dá a padà sílé.

Àwọn tí òfin dá lẹ́kun: ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún kan lọ, ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá, ẹni tí ilé ẹjọ́ ti ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé tàbí tí wọ́n fi tipá gbé lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ, ẹni tí iṣẹ́ ológun lé jáde pẹ̀lú àbùkù, ẹni tí ilé ẹjọ́ pa á láṣẹ kí ó jìnnà sí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó lu ará ilé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹjọ́ kékeré. Ẹ kíyè sí i pé ìjìyà tí ẹ̀ṣẹ̀ náà lè fà ni wọ́n ń wò. Ẹni tí adájọ́ kàn ní kó san owó ìtanràn lè wà lára àwọn tí a dá lẹ́kun bí òfin tó rú bá gba ẹ̀wọ̀n tó ju ọdún kan lọ.

Igbó tún wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti fàyè gba igbó mímu, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní ìgboro. Òfin àpapọ̀ kò gbà á. Ẹni tó ń mu ún, kódà tó ní káàdì dókítà, kò lè kọ “rárá” sí ibi tí fọ́ọ̀mù ti bi í láìpurọ́. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù náà sì ní ẹ̀sùn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín. Illinois ń béèrè káàdì FOID lọ́wọ́ ará ìpínlẹ̀ náà tó bá fẹ́ ní ìbọn. Ìlú New York ń béèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn gígùn pàápàá. New Jersey ní káàdì tirẹ̀, ó sì tún ní ìwé ọ̀tọ̀ fún ìbọn ìléwọ́. Ní California, ẹ ó nílò Certificate of Eligibility ti ìpínlẹ̀ náà kí Type 03 tó lè ṣe yín láǹfààní tó nítumọ̀. Ìwé àpapọ̀ kì í borí òfin ìpínlẹ̀, oníṣòwò tó sì mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi ìbọn ránṣẹ́ sí ibi tí ìpínlẹ̀ kò ti gbà á.

Ìgbésẹ̀ 3: Fọ́ọ̀mù

Ẹ lọ sí ojúlé ATF lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wa Fọ́ọ̀mù 7/7CR jáde. Nọ́ńbà 5310.12/5310.16 ló wà lára rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan náà ni oníṣòwò àti olùkójọ ń lò, nítorí náà ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí kò kàn yín, bíi ti orúkọ ilé iṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè irú ìwé àṣẹ, Type 03 nìkan ni kí ẹ mú.

Ẹ kọ orúkọ yín gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ìwakọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà yín. Orúkọ Yorùbá tó gùn máa ń ṣòro fún wọn: orúkọ kan lè wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ àárín lórí ìwé kan, kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ orúkọ àkọ́kọ́ lórí òmíràn. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì lò ó bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfi àmì sí i. Bí ẹ bá ti yí orúkọ padà nígbà ìgbéyàwó tàbí nígbà tí ẹ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ kọ ti àtijọ́ síbi tí wọ́n bá ti béèrè. Ẹni tó ní green card yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A.

Àdírẹ́sì ilé gidi ni kí ẹ kọ. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ kò ṣeé lò fún ibi tí ìbọn yóò wà, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń dá fọ́ọ̀mù padà.

Olùkójọ kì í tẹ̀ka, kì í sì í fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn tó ń gba Type 01 ni wọ́n ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ san owó ìtẹ̀ka fún Type 03, kò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ déètì, kí ẹ sì fi ọ̀nà ìsanwó $30 náà kún un. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, kì í ṣe sí ọ́fíìsì ATF tó wà nítòsí yín. Ẹ̀dà kejì wà tó jẹ́ ti olórí agbófinró àdúgbò yín, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú tàbí ṣẹ́rífù. Òun náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìfitónilétí lásán ni. Ẹ kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní láti fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé kí ẹ tó fi í sínú àpòòwé.

Bí fọ́ọ̀mù bá padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ nítorí ọ̀kan nínú wọ̀nyí: àìfọwọ́sí, owó tí kò pé, ìbéèrè tí wọ́n fò, tàbí àdírẹ́sì tí kò bá ti ìwé ìwakọ̀ mu.

Ìgbésẹ̀ 4: Dídúró, àti bíbọwọ́ gba ìwé

Òfin fún ATF ní ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù tó pé bá dé ọwọ́ wọn. Martinsburg ní West Virginia ni ibùdó tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà. Ẹ má ra ìbọn kankan lórí ìrètí pé ìwé ń bọ̀.

Bó bá dé, ẹ ka orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ tí yóò parí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà ní ìsọ̀rí 6, ìsọ̀rí kẹrin sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 03. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, ẹ ké sí wọn kó tó di pé ẹ lò ó, nítorí pé ẹ̀dà ìwé yìí ni gbogbo òǹtajà yóò máa béèrè. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ ṣe ẹ̀dà mélòó kan, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó sílé.

Ìgbésẹ̀ 5: Rírà àkọ́kọ́

Ẹ fi ẹ̀dà ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí òǹtajà kí ó tó gbé ìbọn sọ́nà. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé yẹn nìkan ni yóò fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ibi iṣẹ́ yín tàbí ilé ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ tún lè rìn lọ sí ọjà ìbọn ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ẹ ra C&R níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e bọ̀ lọ́wọ́ ara yín. Ẹ sì lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kankan, bí àpẹẹrẹ opó tó fẹ́ ta ìbọn tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn òǹtajà kan kì í gba Type 03 rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Bí ìbọn bá dé, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà ara receiver wé èyí tó wà lórí ìwé ìsanwó. Àlòkù ológun sábà máa ń dé pẹ̀lú gírísì tó nípọn lára, gírísì náà sì máa ń bo nọ́ńbà. Ẹ nù ún dáadáa kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ má yìn ín títí tí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ yóò fi wọn ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí, torí pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilé iṣẹ́ ológun, bolt, ìyẹn irin tó ń ti kátíríìjì wọlé, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti receiver mu sì lè jẹ́ kí kátíríìjì bẹ́ lójú ẹni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìwé àkọsílẹ̀

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ olùkójọ wà. Ẹ ra ìwé tí wọ́n dì pa pọ̀, tí ojú ewé rẹ̀ kì í yọ. Ọwọ́ òsì jẹ́ ti ìbọn tó wọlé, ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti ìbọn tó jáde. Fún èyí tó wọlé, ohun tí òfin ń béèrè ni: déètì tí ẹ gbà á, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí orúkọ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹni tó ṣe ìbọn náà, ẹni tó kó o wọ Amẹ́ríkà bó bá wà, irú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, bóyá rifle ni tàbí ìbọn ìléwọ́, àti ìwọ̀n ọta rẹ̀.

Bó bá jẹ́ Mosin, ẹ ó kọ Izhevsk tàbí Tula síbi ẹni tó ṣe é, 91/30 síbi irú rẹ̀, rifle, 7.62x54R. Orúkọ ẹni tó kó o wọlé máa ń wà lára ọ̀pá tàbí receiver ní lẹ́tà kéékèèké, pẹ̀lú ìlú àti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá a dáadáa, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Nọ́ńbà Mosin sábà máa ń ní lẹ́tà Rọ́ṣíà 2 níwájú. Lẹ́tà wọ̀nyẹn wà lára nọ́ńbà. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ ti kọ nọ́ńbà tí kò pé, nítorí pé ìbọn mìíràn lè ní iye kan náà pẹ̀lú lẹ́tà tó yàtọ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà, kí ẹ sì pa á mọ́.

Àkókò: ìbọn tó wọlé gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tó parí. Èyí tó jáde ní ọjọ́ 7. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo la ohun tí ẹ kọ kọjá kí ó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yín àti déètì sí i. Ẹ má fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, ẹ má sì fa ojú ewé ya. Àṣìṣe tó hàn gbangba kì í dẹ́rù ba olùyẹ̀wò. Ibi tí ẹnìkan ti pa nǹkan rẹ́ ló ń mú un béèrè ọ̀rọ̀.

Ìbọn ìwòyí tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù kò ní nǹkan ṣe nínú ìwé yìí. Antique náà kò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó ni ara yín lára lọ́jọ́ àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹ bá fẹ́ tà á

Sí ẹni tó ní ìwé àṣẹ, ẹ gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Sí ẹni tí kò ní, ìpínlẹ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ máa gbé. Ẹ ó sì kọ orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti irú káàdì tó fi hàn yín pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tí kò tó ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ yín, ẹni tí kò tó 18 kò sì gbọ́dọ̀ gba èyí tó gùn. Ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò ní ìwé àṣẹ yóò gba ti oníṣòwò ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀.

Òfin àpapọ̀ kò ní kí olùkójọ yẹ ìtàn olùrà wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní kí ó ṣe é. Àwa ní kí ẹ ṣe é níbi gbogbo. Ẹ mú olùrà lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, kí ó san owó díẹ̀ náà. Ìbọn tó jáde lọ́wọ́ yín ń gbé orúkọ yín kiri, bí wọ́n bá sì rí i níbi ìwà ọ̀daràn, ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò kọ́kọ́ wá.

Ohun tó kù nínú ọdún 3 náà

ATF lè yẹ ìwé àti ìbọn yín wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù 12. Ẹ̀tọ́ yín ni láti yàn bóyá ilé yín ni wọn yóò ti ṣe é tàbí ọ́fíìsì wọn tó sún mọ́ yín jù. Ẹni tí kò fẹ́ àlejò ìjọba nílé lè kó ìwé àti ìbọn rẹ̀ lọ bá wọn. Bí wọ́n bá pè yín láti tọpa ìbọn kan, wákàtí 24 lẹ ní láti dáhùn.

Bí olè bá jí ọ̀kan, tàbí ẹ wá a tì, ẹ sọ fún ATF àti ọlọ́pàá àdúgbò láàárín wákàtí 48 tí ẹ mọ̀. Ẹ má dúró kí ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ ilé léèrè fún ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí èyí, àti nítorí àwọn ọmọ fúnra wọn, ẹ ra àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ kí ìbọn àkọ́kọ́ tó dé.

Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sí ilé tuntun, Fọ́ọ̀mù 5300.38 ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 30 kí ẹ tó kó. Ìwé tí àdírẹ́sì rẹ̀ ti yí padà láìsọ fún wọn kò ṣeé fi ra nǹkan. Fún ìsọdọ̀tun, wọn yóò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 90 kí ó tó parí, $30 náà ni. Bí ẹ bá dá a padà kí ọjọ́ tó pé, ìwé àtijọ́ yóò máa ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi parí tuntun. Bí ọjọ́ bá kọjá, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látorí Fọ́ọ̀mù 7.

Ẹni tó bá ń rò ó pé òun yóò gbé Mark 4 kan lọ fi han àwọn àgbà ní ìlú òun, kí ó gbé èrò náà tì. Gbígbé ìbọn jáde ní Amẹ́ríkà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, Type 03 kò sì kan ọ̀rọ̀ náà. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 sì wà nílẹ̀ títí di òní: ìbọn tó bá wọlé láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ní ṣe ẹni tó gbé e láǹfààní níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Fọ́tò rẹ̀ ni kí ó gbé lọ.